Ọpẹ́ Tí Mo Lọ Gbà Padà

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì tún kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá mi ni mo ti ń kí yín, níbi tí òtútù ti ya ohun tó jọ ewé sára gíláàsì. Ṣé ẹ ń jẹun? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn pé "mo wà" o. Mo ti mọ "mo wà" yín tipẹ́. Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún yín lọ́wọ́, "mo wà" náà lẹ sọ.

Ẹ ní kí n máa kọ lẹ́tà, pé fóònù máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín kí ẹ tó sọ ọ́ tán. Ó dáa, lẹ́tà rèé.

Bàámi kú, ẹ sin wọ́n, èmi ò sì sí níbẹ̀, torí wọn ò tíì dá ìwé ìgbélùú mi padà. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́ bí ẹni ń kọ́ àkọ́sórí. Ẹnu ló mọ, kò tíì dé ikùn.

Nínú yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà ni mo ṣì wà, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí ooru ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn rántí pé yìnyín ń bọ́ níta. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì là ń ká láti àárọ̀. Èmi á di etí kan mú, ẹnì kejì mi á di etí kejì, a ó gbọ̀n ọ́n, a ó rìn pàdé ara wa, a ó tún padà sẹ́yìn. Tí aṣọ funfun yẹn bá fẹ́ sókè láàárín wa, ó máa ń ṣe mí bíi pé tó bá wálẹ̀, Bàámi ni màá rí lódìkejì, pẹ̀lú òwú lórí irun wọn. Àmọ́ obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà ni, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tí mo sọ fún yín nípa rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe rí, Màámi: Bàámi ń ṣe tìmùtìmù fáyé sùn, ọmọ wọn ń tẹ́ aṣọ lé tìmùtìmù tí kò ní sùn lórí ẹ̀.

Ẹjọ́ tó gbé mi kọ̀wé rèé. Àǹtí, àbúrò Bàámi, pè mí. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ò yéé wá kí yín láti ọjọ́ ìsìnkú, àti pé ẹ ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan. Wọ́n ní tí èèyàn bá ní "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ẹ̀yin á ní "Ẹ jókòó." Tó bá dìde, ẹ ó ní "Ṣé ẹ ti ń lọ ni?" Kò sí ẹ ṣeun, kò sí a dúpẹ́. Àǹtí ní ìtìjú ti fẹ́ gbẹ̀mí òun, pé ẹnu ti ń kùn.

Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Níbí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kó òdòdó sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, wọ́n kọ orúkọ wọn sí bébà kan tì í. Kí á tó lọ jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀gá ní mo ṣe dáadáa. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí. Ó mọ́ tónítóní.

Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Màá tẹ káàdì ìdúpẹ́ tó ní fọ́tò Bàámi, màá fi páálí kan ránṣẹ́, ẹ kàn máa pín in ni.

Ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Olóorun.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Olóorun mi,

Ìyá rẹ kí ọ o, ọmọ tó ń fi òtútù kọ lẹ́tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ. Mo kọ́kọ́ kà á bí ìyá, mo tún wá kà á bí ẹni tí wọ́n fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Kí ni àbúrò bàbá rẹ ń wá tó fi gbé ẹjọ́ mi kọjá òkun? Kó yáa lọ wá awò ojú ẹ̀. Ó ti jókòó lé tàná fọ́, ó wá ń rìn káàkiri àdúgbò, ó ń kí ògiri.

Mo wà. Má bínú, mo ti sọ ọ́.

Òwú ṣì ń fò nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé lọ́sàn-án, wàá rí i tó ń rìn kiri nínú ìmọ́lẹ̀, kò wálẹ̀, kò sì lọ. Tìmùtìmù tí bàbá rẹ ń rán lọ́wọ́ ṣì wà lórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ kan là sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlá yẹn sì wà níbi tó gún un mọ́. Mi ò yọ ọ́. Mi ò mọ oníbàárà tó ni ín, kò sì sẹ́ni tó wá bèèrè. Ó ń ṣe mí bíi kí n pè ọ́ pé wá sùn lé e kó tó jáde. Ṣé o rántí? Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kankan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí ìwọ á fi sùn lórí ẹ̀. Àwọn oníbàárà á dúró síta, á ní, "Ẹ ní sùúrù, ọmọ mi ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò." Ìwọ náà á sì na ọwọ́ na ẹsẹ̀, wàá máa hanrun bí àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni o ti gba orúkọ tí ò ń jẹ́ yìí.

Mo lálàá ẹ̀. Ó dúró sínú òwú tó mù ún dé orúnkún, ó ń kún tìmùtìmù kan tí kò lópin. Ó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn, ó ní, "Ta ló wà níta?" Mo ní, "Àwọn èèyàn ni." Ó ní, "Wọ́n pọ̀?" Mo ní, "Wọ́n pọ̀ gan-an." Inú ẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tí mo jí, àyà mi fúyẹ́ títí di ọ̀sán.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Ṣé ìwọ rò pé mi ò mọ ìwà ni? Gbọ́ bí mo ṣe rò ó. Ẹni tí a bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a ti fún un láyè kó máa lọ sílé nìyẹn. Tí mo bá sọ fún Oníbúrẹ́dì pé "Ẹ ṣeun, a dúpẹ́," á gbọn ìyẹ̀fun ṣòkòtò ẹ̀ dànù, á dìde, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ò tíì balẹ̀. Ó rò pé mi ò gbọ́ ni. Á tún padà wá, tó bá sì padà wá, á tún bá mi sọ nǹkan kan nípa bàbá rẹ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yẹn ló sọ fún mi pé bàbá rẹ máa ń fi etí lé tìmùtìmù kó tó gbé e fún oníbàárà, bí ẹni ń gbọ́ bóyá ó ti sùn. Ọdún tí mo fi fẹ́ ẹ tó yìí, mi ò rí i rí. Káfíńtà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ní òdìkejì ọ̀nà kì í tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Á kàn jókòó, á yọ pẹ́ńsù tó wà létí ẹ̀, á tún fi í padà. Síbẹ̀, ó ń wá.

Kí n sọ òótọ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ fún ọ: tí mo bá dúpẹ́, mo ti gbà pé ó kú nìyẹn. Mi ò tíì gbà.

Má fi káàdì kankan ránṣẹ́. Ẹnu ni wọ́n fi kí mi, ẹnu ni màá fi dúpẹ́, lọ́jọ́ tó bá wù mí. Ìwọ tó o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, kí ló ń lé ọ?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìgbà, ẹ kú ìfaradà. Lẹ́tà yín dé lẹ́yìn tí páálí ti gbéra. Ẹ má bínú. Ó ti wà lójú ọ̀nà, ó tilẹ̀ lè ṣáájú lẹ́tà yìí dé.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ó sì ká mi lára. Ṣùgbọ́n, Màámi, èèyàn ò lè so aráàlú mọ́lẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Wọ́n máa rò pé ẹ ò mọ rírì wọn ni. Bí mo ṣe jìnnà yìí, àwọn ló ń bá mi wo ojú yín. Tí wọ́n bá bínú, ta ló kù? Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe ẹnu Àǹtí.

Ẹ ó rí i pé mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Fọ́tò tí Bàámi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo lò, tí ojú wọn yí sápá kan. Mo sì jókòó ro ohun tí màá kọ dáadáa, torí mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìdílé wa kì í gbàgbé oore. Ohun tí mo kọ rèé:

"Ìdílé Bàbá Onítìmùtìmù dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ṣe wá bá wa sunkún, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwa náà ráyè wá bá yín sunkún láìpẹ́. Oore yìí, a ó san án fún yín ní irú ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó ní ó rẹwà lójú. Ìgbà tí mo kà á sókè nínú yàrá, omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ yín,
Olóorun.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò kí ọ. Tí mo bá kọ lẹ́tà yìí tán tí inú mi bá rọ̀, màá wá kí ọ nísàlẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń sá aṣọ, nígbà tí páálí rẹ dé. Àbúrò bàbá rẹ ló gbà á. Kò ní awò ojú, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ó rí ojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nínú fọ́tò, ó sunkún, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun, ó sì gbé páálí náà sí abíyá. Kí n tó wọlé, ó ti pín in dé òpópónà kejì. Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan tí mo lè kà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àwọn àga síta bí mo ti máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó wá. Mo rò pé òjò ni, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ìka méjì di etí káàdì kan mú bí ẹni gbé òkú eku. Kò jókòó. Ó ní, "Ìyá Olóorun, kí la ṣe fún yín?" Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, mo kà á, mo sì jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí mo gbé síta.

Láìpẹ́, ìwọ ọmọ yìí! O ní láìpẹ́!

Ta ló kọ́ ọ pé a máa ń ṣèlérí ẹkún fún ẹni tó bá wa sunkún? Gbogbo oore ló ṣeé san padà. Ẹni tó bá ọ jó, o lè bá a jó. Ẹni tó bá ọ ru ẹrù, o lè bá a ru tiẹ̀. Ti ọ̀fọ̀ nìkan ni gbèsè tí a máa ń gbàdúrà pé kí a má rí i san. Ohun tí à ń sọ ni pé, "Ẹ ṣeun, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín." Irú ẹ̀ á jìnnà, èyí tó bá tún máa kó wa jọ, ayọ̀ ni. Ọmọ ọwọ́ ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìyá ẹ̀. O lọ ní kékeré, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ṣé o ò gbọ́ ọ rárá kó o tó lọ?

Oníbúrẹ́dì, tí ikọ́ ń bá jà láti ọjọ́ yìí, ka káàdì náà, ó sì lọ dùbúlẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ kọjá níwájú mi láàárọ̀, ó wo òkè bí ẹni ń wá ẹyẹ. Káfíńtà pàápàá ò wá mọ́.

Ilé dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí òwú ṣe ń balẹ̀. Bàbá rẹ tún wá lójú àlá, ó ní, "Ta ló wà níta?" Mo wò yí ká, mo wò yí ká. Ó dúró, ó ń retí ìdáhùn mi, títí mo fi jí.

Mo ti kọ ọ́ tán. Inú mi ò rọ̀. Má tíì kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹrin

Màámi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé, mo sì ń kọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo yíràá. Ẹ bá mi bẹ Oníbúrẹ́dì. Ẹ bá mi bẹ ìyàwó ẹ̀. Mi ò ní i lọ́kàn. Mo rò pé tí èèyàn bá jẹ oore, sísan ló kù. Báyìí ni wọ́n ń ṣe gbogbo nǹkan níbí: wọ́n fún ọ ní ife tíì kan, o ra ife kan padà fún wọn. Mo ti ń ronú bíi tiwọn, tí mo sì ń kọ ọ́ ní èdè wa.

Tí mo bá rántí pé ẹ gbé àga síta tí kò sẹ́ni tó wá, mi ò lè jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan. Kó jẹ́ "mo wà" lásán, màá gbà á.

Olóorun.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àpótí lẹ́tà wa nísàlẹ̀. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi, á mi orí kí n tó béèrè.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín, bí ẹ ò tilẹ̀ dáhùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kan wọlé sí wa ní yàrá ìfọṣọ, èyí tó ṣọ̀wọ́n, láti fèrèsé kékeré tó wà lókè lọ́hùn-ún. A gbọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan, eruku aṣọ dìde nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó ń rìn kiri, kò wálẹ̀, kò sì lọ. Ṣọ́ọ̀bù Bàámi ni mo wà. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń na òwú pẹ̀lú ọ̀pá. Mo tilẹ̀ gbóòórùn aṣọ tuntun tí ẹ fi ń bo tìmùtìmù. Mo dúró sójú kan, etí aṣọ wà lọ́wọ́ mi, mi ò rìn lọ pàdé Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ mọ́.

Ó dúró lódìkejì, òun náà di tiẹ̀ mú. Kò fà á. Ó ní, "Bàbá ẹ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo ti ń fẹ́ bi ọ́ léèrè irú èèyàn tó jẹ́. Ṣùgbọ́n o dúpẹ́ lọ́wọ́ wa kíákíá, mo wá rò pé o ò fẹ́ ká sọ ọ́ mọ́."

Màámi, òótọ́ lẹ sọ. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, mo wá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mò ń sunkún pé kò sẹ́ni tó wá. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo sọ bí Bàámi ṣe máa ń ní kí àwọn oníbàárà dúró kí n sùn tán. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi yọjú. Gbogbo ìgbà yẹn, aṣọ náà ò bọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì, a kò sì ká a.

Ìwé ìgbélùú mi ti jáde. Mo lè wá nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ojú wo ni màá fi wọ àdúgbò, èmi tí mo fi èpè ránṣẹ́ sílé ẹni gbogbo? Èyí tó jù níbẹ̀: mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin fẹ́ rí mi. Mi ò wá síbi ìsìnkú, mo wá lé àwọn tó wá dànù. Tí ẹ bá ní kí n dúró síbí, màá dúró.

Olóorun yín, tí oorun ti dá lójú ẹ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà

Olóorun mi,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ, kí èyí tí mo jẹ ọ́ lọ́jọ́sí lè wọlé sínú ẹ̀. Mo ti bínú tán. Ó pẹ́ kó tó tán torí díẹ̀díẹ̀ ni mò ń lò ó.

Gbogbo lẹ́tà rẹ dé. Mi ò ráyè jókòó dáhùn ni, torí mi ò sí nílé. Má sọ pé mo ti ya wèrè o: mo lọ gba káàdì rẹ padà ni, láti ilé dé ilé. Mo gbé báàgì iṣẹ́ bàbá rẹ kọ́ apá, mo ní ohun tí ọmọ mi ṣèèṣì kọ ò ní sùn nínú ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

Ilé Tíṣà ni mo kọ́kọ́ dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọpẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́sí, mo wá gbà á padà." Tíṣà wò mí títí. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ẹni tó wá gba ọpẹ́ padà rí." Ni ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Bó ṣe ń rín in ni èmi náà ń rín in. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo máa rín láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ nìyẹn, ọ̀nà ọ̀fun mi ti fẹ́ gbàgbé ẹ̀. Ó ní kí n wọlé, kí n jókòó. Kí ni mo jókòó lé? Tìmùtìmù bàbá rẹ. Aṣọ àwọ̀ ojú ọ̀run tó nílà funfun, èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán an.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé gbogbo. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wá kí mi, èmi ò yọsẹ̀ lọ sílé ẹnikẹ́ni, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti kó ọkọ mi pamọ́ sínú yàrá wọn báyìí. Níbì kan, ìrọ̀rí ni. Níbì kan, tìmùtìmù kékeré tí gbogbo ọmọ ilé náà ti sùn lórí ẹ̀ dàgbà. Mo ń fọwọ́ pa wọ́n, wọ́n ṣì rọ̀. Nílé ẹnì kan báyìí, oorun gbé mi lọ lórí àga, wọn ò jí mi, wọ́n fi aṣọ bò mí. Ó pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ló ṣòro. Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo bá a. Káàdì náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ohun tí wọ́n kọ sí i ń ba òun, ṣùgbọ́n òun ò lè ya ojú Bàbá Onítìmùtìmù. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi ò mọ̀ọ́kọ ni, kì í ṣe pé kò mọ oore. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe búrẹ́dì tí a máa jẹ níbi ìgbéyàwó ẹ̀, ikọ́ yìí á sì ti fi yín sílẹ̀ kó tó dọjọ́ náà." Ó dìde jókòó. Ó ṣì ń húkọ́ o, ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí ààrò ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ sì ti ń rí mi nílẹ̀, kò wo òkè mọ́.

Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gba káàdì tán, mi ò lè kàn dìde. Èèyàn ò lè gba ọpẹ́ padà kó má fi òmíràn dípò. Èmi fúnra mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi: "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa sin ín. A ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín." Mo ti rò pé lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọ́, ilẹ̀ á lanu. Ilẹ̀ ò lanu. Ẹkún ló gbà mí, mo sun ún dáadáa, wọ́n gbé omi fún mi, mo mu, mo sì lọ sílé tó kàn.

Ọ̀dọ̀ Káfíńtà ni mo parí ẹ̀ sí. Nígbà tí mo dúpẹ́ tán, ó yọ pẹ́ńsù létí ẹ̀, ó fi í padà, ó tún yọ ọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ dúpẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì kan. Ìdí tí mo ṣe ń wá jókòó nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò bójú mu kéèyàn máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ níwájú ẹni tí kò tíì gba ìkíni." Mo ní bẹ́ẹ̀dì wo? Ó mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ká aṣọ kúrò lára igi kan tó dúró ti ògiri. Bẹ́ẹ̀dì tuntun ni, ó gùn, ó fẹ̀. Bàbá rẹ ló ní kó kàn án. Ó sọ fún un pé, "Ọmọ tó lọ ní kékeré kì í padà dé ní kékeré. Bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ yẹn ò ní gba ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́. Má tíì sọ fún ìyá ẹ̀, á ní mo ti fẹ́ máa kánjú."

Tìrẹ ni tìmùtìmù tó wà lórí tábìlì, Olóorun. Ìwọ ni oníbàárà tí kò wá bèèrè. Èmi tí mò ń pariwo pé ọpẹ́ ló ń lé èèyàn lọ sílé, àìdúpẹ́ mi ló di ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọkùnrin náà lẹ́nu.

Mo padà sílé, mo jókòó sí tábìlì ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti dípẹtà díẹ̀, mo rọra fà á yọ, mo nù ún, mo sì rán ẹ̀gbẹ́ tó kù. Ọwọ́ mi ò tó tiẹ̀. Wàá rí ibi tó dáwọ́ dúró àti ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo sùn lọ nídìí ẹ̀. Ó wá. Ó ní, "Ta ló wà níta?" Mo ní, "Kò sẹ́ni níta. Gbogbo wọn wà nílé wọn, wọ́n ń sùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ." Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó gbọn òwú kúrò lórí ẹ̀. Kò tíì wá mọ́ láti ìgbà náà. Ó ń dùn mí, mi ò purọ́ fún ọ. Ó kú, mo ti gbà.

Àwọn èèyàn ṣì ń yà, kì í ṣe lójoojúmọ́. Àbúrò bàbá rẹ ti ra awò ojú tuntun; gbogbo ohun tó bá rí ló ń kà sókè báyìí, títí kan ara ìgò òògùn.

O béèrè bóyá mo fẹ́ rí ọ. Gbogbo ẹni tó bá mi kẹ́dùn ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àbúrò bàbá rẹ pàápàá ti gba tiẹ̀. Ó ku ìwọ. Ìwọ náà bá mi kẹ́dùn, o bá mi kẹ́dùn débi pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ kó àdúgbò sínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú lẹ́tà, mi ò sì ní fi fóònù sọ ọ́. Wá gbà á lẹ́nu mi.

Bẹ́ẹ̀dì ti wà nínú yàrá rẹ, tìmùtìmù sì ti wà lórí ẹ̀. O mọ òfin ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ: iṣẹ́ tí Olóorun ò bá tíì sùn lórí ẹ̀, kò tíì parí.

Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.